Báwo lẹ ṣe ń bá sítáàfù tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé ṣọdún Kérésì?

Ọ̀gá_Bódìjà:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Iléeṣẹ́ kékeré kan ni mo ní n'Íbàdàn, à ń bá àwọn ọlọ́jà dá oníbàárà wọn lóhùn lórí fóònù àti WhatsApp, a ò ní ọ́fíìsì mọ́, oníkálukú ń ṣe é látinú ilé ẹ̀. Àwọn kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn kan Abẹ́òkúta àti Ìlọrin, ẹnì kan Kútọnu, ẹnì kan ti japa lọ Houston àmọ́ ó ṣì ń bá wa ṣe é. Nígbà tá a jọ wà lójú kan, Kérésì ò le rárá, màá ra àpò ìrẹsì, a ó wọ̀n ọ́n ní kóńgò kóńgò, a ó se díẹ̀ jẹ níbẹ̀, ó parí. Báyìí ńkọ́? Wọ́n ní kí n ṣe pátì orí Zoom, ẹ̀rín pa mí, ta ló fẹ́ máa wojú ọ̀gá ẹ̀ nínú fóònù kó tún máa jẹran? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe é, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kò sówó rẹpẹtẹ o, mo tètè sọ.

Sítáàfù_Inú_Ilé:
Ọ̀gá wa, ẹ kú ètò. Èmi kì í ṣe ọ̀gá o, ọmọ iṣẹ́ ni mí, ẹ jẹ́ n sọ tiwa. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ kọjá, wọ́n pe pátì Zoom lálẹ́, wọ́n ní ká wọ pupa ká tan kámẹ́rà. NEPA ti múná lọ látàárọ̀, mo tan jẹnẹrétọ̀ torí káwọn ọ̀gá lè kọrin Kérésì fún wa, epo mi, dátà mi. Zoom ọ̀fẹ́ sì ni, tó bá ti pé ogójì ìṣẹ́jú á já gbogbo yín dànù, ọ̀gá ní ká tún wọlé, ìdajì wa ò padà wá jàre. Tẹ́ ẹ bá máa pe èèyàn, ẹ fowó dátà ránṣẹ́ ṣáájú, kẹ́ ẹ pè é nínú àkókò iṣẹ́. Àmọ́ ká sòótọ́, ohun tó dùn mọ́ wa jù ni kí owó oṣù December tètè wọlé kí owó ọkọ̀ tó fò sókè, torí èèyàn fẹ́ lọ sílé.

Ìyá_Ìbejì:
Owó dáa, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n àlẹ́ẹ̀tì á dún, gbèsè á gbé e mì, school fees January náà ń bọ̀. Ẹ fi nǹkan tójú ń rí kún un. Ọmọ àbúrò ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ báyìí nílé, bàbá ẹ̀ gbà pé kò níṣẹ́ lọ́wọ́, pé ó kàn ń tẹ kọ̀ǹpútà kiri ni. Ọjọ́ tí ọlọ́kadà gbé ìdajì àpò ìrẹsì àti kẹ́ẹ̀gì òróró dé, tí wọ́n lẹ orúkọ iléeṣẹ́ mọ́ ọn gàdàgbà, bàbá yẹn fúnra ẹ̀ ló gbé e wọlé, ó tún kọ́kọ́ gbé e sílẹ̀ lójúde kí aládùúgbò lè rí i 😂. Ẹ má kó o láti Ìbàdàn o, owó wébíìlì á jẹ yín run, ẹ wá ẹni tó ń tà á nílùú kọ̀ọ̀kan, ẹ sanwó, kó bá yín gbé e lọ. Adìyẹ ààyè, ẹ má dán an wò. Ti Kútọnu, ẹ fowó ránṣẹ́, ṣebí ọ̀dọ̀ wọn ni tòlótòló ti ń wá bá wa. Ẹ má sì yọ àwọn mùsùlùmí sílẹ̀, ìrẹsì Kérésì ò lẹ́sìn, kẹ́ ẹ sáà rántí wọn nígbà Iléyá.

Bọ̀dá_Peckham:
Nílùú ọba níbí, báàgì kékeré ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sílé wa, ṣokoléètì àti mince pie, a ó wá jọ tú u lórí kámẹ́rà. Ìjọba ò ní gba owó orí lórí ẹ̀bùn tí kò ju £50 lọ tí kì í bá ti ṣe owó, tí kì í sì í ṣe èrè iṣẹ́, pátì ọdọọdún tó kan gbogbo sítáàfù náà láǹfààní tiẹ̀ tí kò bá ti kọjá £150 lórí ẹnì kan, ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é nìyẹn, kì í ṣe ìfẹ́ nìkan. Lójú tèmi, ẹ fi December sílẹ̀, gbogbo èèyàn ló ń sáré. Ẹ pè wọ́n jọ sí Ìbàdàn láàárín January, owó ọkọ̀ á ti wálẹ̀, ẹ ó jẹun, ẹ ó rí ojú ara yín.

Ìyá_Ìbejì:
January ọlọ́jọ́ gbọọrọ tápò gbogbo èèyàn ti gbẹ? Ẹ̀yin bọ̀dá yìí náà!

Ọ̀gá_Bódìjà:
Ẹ ṣeun gan-an. Pátì Zoom ti kú nìyẹn. Màá kàn pè wọ́n fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tiwa, Houston á ṣì wà ní mẹ́sàn-án àárọ̀, owó dátà á ti lọ ṣáájú. Owó oṣù náà á tètè wọlé. Ìyá Ìbejì, ẹ mọ ẹni tó ń ta ìrẹsì ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò ní fi òkúta sí i?

Ìyá_Ìbejì:
Mo mọ̀ ọ́n, ẹ wá sí inbox. Àmọ́ ẹ tètè o, tó bá ti di ogúnjọ́ oṣù kì í gbé fóònù mọ́.