Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: lésà tí wọ́n fi ń pa irun, ṣé kò ní yọ mí lẹ́nu lọ́jọ́ iwájú?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Súrùlérè ni mò ń gbé, ọmọ ọdún 34 ni mí. Irùngbọ̀n ń hù sí mi bíi ti ọkùnrin. Mo fi abẹ fá a títí, gbogbo àgbọ̀n mi wá di kókó dúdú-dúdú. Bí mo bá fẹ́ wọ BRT, àfi kí n fi nǹkan bo ẹnu. Ilé ẹwà kan n'Íkẹjà ní ẹ̀ẹ̀mẹfà làwọn máa fi lésà jó o, kò ní hù mọ́ láéláé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àjọ, owó wà ńlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá ní jẹjẹrẹ ló máa dà tó bá yá. Ṣé òótọ́ ni, àbí ó kàn fẹ́ yá owó yẹn ni?

Nọ́ọ̀sì Múṣin: Àbúrò, ìmọ́lẹ̀ lásán ni lésà yẹn, kì í ṣe bíi ti X-ray. Kò sí ẹ̀rí pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Jíjóná ni kí ẹ bẹ̀rù. Dúdú inú irun ni lésà ń wá kiri kó tó lè jó gbòǹgbò rẹ̀, awọ tiwa náà sì dú. Ẹ bi wọ́n léèrè irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò. Lésà tí wọ́n ń pè ní Nd:YAG, oní-1064 (nọ́ńbà ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nìyẹn), ló rọ awọ dúdú lọ́rùn jù, torí ó máa ń wọlé jìn, kì í fi bẹ́ẹ̀ bá òkè awọ jà. Alexandrite oní-755 àti IPL (ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà ni ìyẹn, kì í tiẹ̀ ṣe lésà) ló sábà máa ń sun wá. Ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ tí kò mọ orúkọ ẹ̀, ẹ dìde níwájú ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Yábàá: IPL yẹn náà ni wọ́n lò fún mi lábíyá! Wọn ò kọ́kọ́ dán an wò níbi kékeré kan. Ó ta mí bí epo gbígbóná, wọ́n ní kí n fara dà á. Ó lé roro. Ó jinná o, àmọ́ àpá dúdú ẹ̀ lo oṣù mọ́kànlá lára mi, èmi tí mi ò mọ̀ ju aṣọ aláìlápá lọ.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó: Ó ti tó ọdún márùn-ún tí mo ti ṣe Nd:YAG tèmi, kò sí nǹkan tó ṣe mí. Ṣùgbọ́n "láéláé" yẹn, irọ́ ni. Ó dín kù gan-an ni, mo ṣì ń padà lọ lọ́dọọdún. Bí wọn ò bá fún yín ní jígí tó ń bo ojú, ẹ má gbà rárá. Oòrùn náà ńkọ́? Ẹ sá fún un lẹ́yìn ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Múṣin: Mo tún rántí. Ṣé nǹkan oṣù yín ń wá déédéé? Bí kì í bá wá déédéé, ó lè jẹ́ họ́mónù ló ń hu irun yẹn. Bí lésà ṣe ń jó o lòmíràn á máa yọ. Ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà awọ ní ilé ìwòsàn ńlá, LUTH n'Ídìí-Àràbà tàbí LASUTH n'Íkẹjà. Bí ẹ bá sì ń lo ìpara tó ń bó ara, ẹ sọ fún wọn, ẹ má tijú.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Kì í wá déédéé lóòótọ́, mi ò mọ̀ pé ó kan irun. Mo ti pe wọn n'Íkẹjà, mo bi wọ́n lórúkọ ẹ̀rọ. Wọ́n ní "ti òyìnbó ni, mà." Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni màá lọ sí Ìdí-Àràbà. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń béèrè owó àjọ.