Integral 1/t gbé mi jáde nínú structure, níbo ló wá gbé mi lọ?

Ọmọ_Agbowó:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ń ka o-minimal structure lọ́wọ́ (structure ni àkójọ àwọn set àti function tí a gbà wọlé, èyí tó bá wà nínú ẹ̀ là ń pè ní definable), mo sì ti rí i pé tí set kan bá ti jẹ́ definable lórí ìlà real, point mélòó kan àti interval mélòó kan náà ni, ó níye, ìyẹn dùn mọ́ mi torí measure rẹ̀ (gígùn ẹ̀) ò le rárá. Àmọ́ mo wá mú 1/t, ohun jẹ́jẹ́, mo ṣe integral ẹ̀ láti 1 dé x, ni log x bá jáde, log ò dẹ̀ sí nínú semialgebraic, ìyẹn structure tí wọ́n fi equation àti inequality polynomial nìkan kọ́! Ṣé wọn kì í ṣe integral níbí ni?

Àǹtí_Bódìjà:
Àbúrò, o ò ṣe é bàjẹ́. Function semialgebraic, tí x bá ń lọ sí infinity, tí kì í bá ṣe 0, bíi c·x^r ló máa ń rìn, r á sì jẹ́ fráṣọ̀n. Log x ń ga lọ láìdúró, torí náà r gbọ́dọ̀ ju 0 lọ. Àmọ́ x^(1/100) pàápàá máa ya log sílẹ̀ bó pẹ́ bó yá, r tó bá ju 0 lọ ò ṣeé ṣe nìyẹn. Kò rí ibi kankan dúró sí, ló bá jáde. Kò wá di jàgídíjàgan o, onímọ̀ ìṣirò Wilkie ti fi hàn ní 1996 pé tí o bá fi exp (e^x) kún real, o-minimal ṣì ni, log dẹ̀ wà níbẹ̀. O kàn kó kúrò ní yàrá kan bọ́ sí fúláàtì ni.

Bàbá_Sábó:
Ẹ ṣeun àǹtí. Ẹ jẹ́ n fi kún un: Cluckers àti Miller, 2011, wọ́n ní tí o bá ti gba log wọlé, tí o mú àwọn function globally subanalytic (ẹbí tó gbòòrò ju semialgebraic lọ, tó gba power series náà wọlé) àti log wọn, tí o sọ wọ́n di púpọ̀ tí o tún rò wọ́n pọ̀, integral ò lè lé ẹ jáde mọ́. Èmi gbádùn ìyẹn ju gbogbo ẹ̀ lọ.

Ọmọ_Agbowó:
Ẹ ṣé gan-an sà. e^(-t²) táwọn Statistics fi ń dá wa lóró ńkọ́?

Àǹtí_Bódìjà:
Ìyẹn le díẹ̀. Integral ẹ̀ ò sí nínú real pẹ̀lú exp, van den Dries, Macintyre àti Marker ló fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ṣùgbọ́n Speissegger ní 1999 fi hàn pé o lè fẹ structure náà títí tí yóò fi gbà á, á dẹ̀ ṣì jẹ́ o-minimal. Variable kan ṣoṣo là ń sọ o, tí parameter bá ti wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ míì ti dé.