Ìdẹ rọ́bà mi ń dorí kodò nínú omi: báwo ni mo ṣe lè mú ìwọ̀ rẹ̀ wúwo?

Apẹja Ìdó:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà apẹja. Ìdó-Èkìtì ni mò ń gbé, dáàmù Ẹ̀rò ni mo sì ti ń fi ìwọ̀ dẹ ẹja ní ọjọ́ Sátidé. Ekòló gidi ni mo ń lò láti kékeré, epìyà àti àrọ̀ ni mo ń pa. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Amẹ́ríkà fi ìdẹ rọ́bà ránṣẹ́ sí mi, àpò mẹ́ta. Ọ̀kan jọ ekòló, méjì tó kù jọ ẹja wẹ́wẹ́ tí ìrù wọn ń jù. Ó fi ìwọ̀ mẹ́wàá kún un, nọ́ńbà 3/0, irú èyí tí ọrùn rẹ̀ ṣẹ́ kọ́rọ́ lábẹ́ ojú ìwọ̀, kí èèyàn lè fi ṣóńṣó rẹ̀ pamọ́ sí ẹ̀yìn rọ́bà, kó má baà máa kọ́ koríko.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí. Bí mo bá jù ú láìsí òjé, kì í lọ jìnnà, orí ewé òṣíbàtà ló máa ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sí. Mo yọ òjé kan lára àwọ̀n àtijọ́ bàbá mi, mo fún un mọ́ okùn níwájú ìdẹ. Ó ń lọ jìnnà báyìí, àmọ́ orí ló fi ń sọ̀kalẹ̀ bí òkúta, yóò ki imú bọ ẹrẹ̀, ìrù rẹ̀ ò sì ní jù rárá. Ẹja kékeré kan ò lúwẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo rí i nínú fídíò pé àwọn òyìnbó ní ìwọ̀ tí wọ́n ti da òjé mọ́ lára láti ilé iṣẹ́, wọ́n kọ 1/8 oz sára páálí rẹ̀. Mo wá irú rẹ̀ dé Ọjà Ọba ní Adó, n kò rí. Mo wá ń gbèrò láti yọ́ òjé inú bátìrì ọkọ̀ nínú agolo mílíìkì, kí n dà á mọ́ ìwọ̀ fúnra mi. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀nà tó dára ni? Kí sì ni 1/8 oz yẹn jẹ́?

Ìyá Ẹlẹ́ja Ọ̀tùn:

Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́, má yọ òjé bátìrì kankan. Àsíìdì wà nínú bátìrì yẹn, ó ń jó ara. Bí omi bá sì kán sínú òjé tó ti yọ́, ṣe ló máa ń bú gbàù, á ta sí èèyàn lójú. Ọmọkùnrin kan nínú àgbàlá wa ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún ṣì ní àpá dòní. Èyí tó tún burú ni eruku àti èéfín rẹ̀, nítorí ara ọmọdé ló ń lọ, a kì í sì í fi ojú rí i. Ní Zamfara ní 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tí òjé pa. Inú òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti wá góòlù ni òjé náà wà, inú ilé ni wọ́n sì ń lọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ìwọ̀ mẹ́wàá péré lo fẹ́ ṣe, àmọ́ agolo yẹn náà ni ẹnì kan á tún fi bu nǹkan lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi eyín fún òjé mọ́ okùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́.

Oníwáyà Ẹ̀rò:

Ìyá, ẹ ṣeun. Iṣẹ́ wáyà iná ni mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà wáyà ni n óò fi dá ọmọ yìí lóhùn.

Kọ́kọ́ mọ èyí, àbúrò: òjé tí o lò kò pọ̀ jù, kò sì kéré jù. Ibi tí o fi sí ni kò dáa. Níwájú lo so ó mọ́, orí gbọ́dọ̀ ṣáájú. Mú ìdẹ kan dání báyìí, kí o wo bí ìwọ̀ ṣe wà lára rẹ̀. Ojú ìwọ̀ wà ní imú, ara rẹ̀ tó gùn gbọọrọ gba abẹ́ ikùn kọjá, ó wá tẹ̀ sókè, ṣóńṣó rẹ̀ jáde sí ẹ̀yìn. Abẹ́ ikùn yẹn gan-an ni kí ìwúwo wà, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ìwọ̀ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ìdẹ á tẹ́ pẹrẹsẹ bó ṣe ń rì, ikùn á kọjú sísàlẹ̀, ìrù á sì máa jù. Bí o bá fà á súnmọ́ imú díẹ̀, orí á rẹlẹ̀. Bí o bá sún un sẹ́yìn jù, ìdí ni yóò kọ́kọ́ délẹ̀. Ìwọ̀n ìdajì ìka ọwọ́ ló máa ń fa ìyàtọ̀ yẹn.

Wáyà kọ́pà ilé ni mo ń lò. Ilé tuntun tí wọ́n bá ń kọ́ ládùúgbò, wọ́n á ti gé àjẹkù rẹ̀ jù sílẹ̀. Wá èyí tí wọ́n ń pè ní 1.5 (bí wáyà ṣe ki tó ni nọ́ńbà yẹn ń sọ), bó rọ́bà ara rẹ̀ kúrò. Sẹ̀ǹtímítà 10 rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 1.3. Bó bá jẹ́ 2.5, sẹ̀ǹtímítà 10 jẹ́ gíráàmù 2.2, ṣùgbọ́n ó le láti wé mọ́ ìwọ̀ tín-ín-rín. Bí o bá ti mọ èyí, o ò nílò òṣùwọ̀n, rúlà ọmọ ilé-ìwé ti tó. Ní ti ìbéèrè rẹ, oz kan jẹ́ gíráàmù 28.35, ìdá kan nínú mẹ́jọ rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 3.5. Má lé e. Kọ́pà kò wúwo tó òjé, bí o bá fẹ́ kó pé 3.5, yóò ki jù lára ìwọ̀. Ní etí Ẹ̀rò níbi tí òṣíbàtà pọ̀ sí, gíráàmù kan sí méjì tó o. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá le ni mo máa ń lò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wé òwú ìránṣọ mọ́ ara ìwọ̀ ní kíkọ́kọ́, nítorí irin ń yọ̀, wáyà á máa sún kiri. Kán gúlù lé òwú náà, kí o wá wé wáyà lé e lórí ṣinṣin, kí okùn-okùn rẹ̀ fara kanra. Fi pláyà tẹ orí méjèèjì mọ́lẹ̀, fi fáìlì rẹ́ wọn kó má baà ya rọ́bà. Lẹ́yìn náà, fi kútẹ́ẹ̀sì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Dúdú ni mo ń lò, ọmọ mi obìnrin ló ni ín.

Má wé e ní ìpele méjì. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹja gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ kan, ìwọ̀ ò mú ọ̀kan. Ó pẹ́ kí n tó rí ìdí rẹ̀. Bí ẹja bá ti gé rọ́bà jẹ, rọ́bà gbọ́dọ̀ rí àyè wó lulẹ̀ sí àárín ìwọ̀, kí ṣóńṣó lè yọ jáde. Wáyà mi ti gba àyè náà tán.

Ọmọ Ajílòsùn:

Èmi, ìṣó ni. Mo ń gé ìṣó kékeré, mo ń kì í bọ ikùn ìdẹ láti ìsàlẹ̀, ó parí. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

Oníwáyà Ẹ̀rò:

Ó ń ṣiṣẹ́, mo ti lò ó. Àmọ́ ó máa ń já bọ́ bí ẹja bá ti gbá ìdẹ lẹ́ẹ̀mejì, ihò rẹ̀ á sì máa gbòòrò sí i. Ẹni tí ìdẹ rẹ̀ wá láti òkè òkun kò lè fi ṣòfò bẹ́ẹ̀.

Apẹja Ìdó:

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ìyá, mo ti gbé bátìrì náà padà fún ẹni tó ni ín. Mo wé mẹ́ta lálẹ́ àná, ó dára lójú. Ìyọnu kan ṣoṣo ló kù: bí mo ṣe fẹ́ fa ìwọ̀ gba imú rọ́bà kọjá, wáyà fa imú náà ya. Ìdẹ méjì ti bàjẹ́.

Oníwáyà Ẹ̀rò:

Ẹ̀bi mi ni, n kò sọ ọ́. Má fi ṣóńṣó wọlé mọ́. Kó tó di pé o so okùn, fi abẹ́rẹ́ lu ihò láti àgbọ̀n ìdẹ jáde sí imú. Wá ti ojú ìwọ̀ gba ihò yẹn láti ìsàlẹ̀ títí yóò fi yọ ní imú, kí ibi tó ṣẹ́ kọ́rọ́ wà nínú rọ́bà. Ìgbà yẹn ni o máa tó so okùn mọ́ ojú rẹ̀. Wáyà kò ní gba inú imú kọjá rárá. Bí o bá fẹ́ pààrọ̀ ìdẹ, àfi kí o gé okùn, kí o tún un so. Ó máa ń gba àsìkò, àmọ́ imú kò ní ya.

Kí o tó lọ sí odò, bu omi kún báàfù ńlá, ju ìdẹ sínú rẹ̀, kí o fi ojú ara rẹ wo bó ṣe ń balẹ̀.

Apẹja Ìdó:

Mo ti dé láti Ẹ̀rò. Nínú báàfù, èyí tí mo fi wáyà sẹ̀ǹtímítà 15 wé fi orí balẹ̀ díẹ̀, ti sẹ̀ǹtímítà 8 tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹ ṣe wí. Àwọn méjèèjì ni mo gbé lọ. Láàárọ̀, kò sí nǹkan kan. Nígbà tí oòrùn wálẹ̀ díẹ̀, mo rí i tí omi ń hó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ní àlàfo kan láàárín òṣíbàtà, bí ìgbà tí ẹja bá wá mí lókè. Mo ju ti sẹ̀ǹtímítà 8 kọjá ibẹ̀, mo rọra fà á bọ̀, ó gba orí ewé kọjá láì kọ́ ọ, ó wá wọ inú àlàfo náà. Mo dá ọwọ́ dúró kó lè rì. Kò tíì délẹ̀ tí okùn fi le lọ́wọ́ mi.

Ẹja tí orí rẹ̀ dà bíi ti ejò ni, ó gùn tó apá mi láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Òkè ẹnu ni ìwọ̀ ti mú un. Wáyà náà ò sún rárá, kútẹ́ẹ̀sì nìkan ló ti bó díẹ̀. N óò wé méje tó kù lálẹ́ òní, sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10 ni n óò fi gbogbo wọn ṣe.