Ikọ́ ife ìyá wa: àwọn wo ló yẹ kó gbọ́?

Ọmọ Aláàdìrẹ, Abẹ́òkúta:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe èyí tí mo lè bá ará ilé wa sọ, nítorí àwọn ará ilé gan-an ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Ìyá wa ti lé ní ọgọ́ta ọdún, aṣọ àdìrẹ ni wọ́n sì ń tà ní Ìtòkú láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ó tó oṣù mẹ́ta báyìí tí ikọ́ ti mú wọn. A ra oògùn ikọ́ lọ́dọ̀ kẹ́mísìtì, a se àgbo, ikọ́ náà kò lọ. Bí alẹ́ bá lẹ́, òógùn a máa bò wọ́n débi pé wọn yóò pààrọ̀ ìró kí ilẹ̀ tó mọ́, ìró tó sì ń há wọn ní ìbàdí tẹ́lẹ̀ ti wá ń yí wọn ká lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a gbé wọn dé ilé ìwòsàn, wọ́n gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, èsì sì fi hàn pé ikọ́ ife ni. A dúpẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀. Òní ló di ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n ti ń lò ó.

Ohun tó kù wá le ju ikọ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní a kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni, kí a máa sọ pé òtútù àyà ló mú wọn. Àbúrò ìyá wa obìnrin, ní tiwọn, ti ya fọ́tò ìyá wa lórí ibùsùn, wọ́n sì ti gbé e sórí WhatsApp ẹbí pé kí gbogbo wa gbàdúrà, láì fura pé káàdì ilé ìwòsàn wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, àti pé ẹni tó bá fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà yóò ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ìbátan wa kan ti pè mí láti Ṣàgámù, ó ń bi mí pé ṣé kì í ṣe àrùn kògbóògùn ló wà nídìí rẹ̀.

Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé ilé oníyàrá mẹ́wàá ni à ń gbé. Obìnrin tó wà ní yàrá tó tẹ̀ lé tiwa ní ọmọ méjì, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún méje, yàrá ìyá wa ni àwọn ọmọ náà sì máa ń sùn nígbà tí ìyá wọn bá lọ sí iṣẹ́ alẹ́. Láti ọjọ́ tí èsì ti jáde ni mo ti ń parọ́ fún un pé ó rẹ Màmá, kí àwọn ọmọ má tíì wọlé. Ìyá wa ní bí mo bá sọ ọ́, àwọn kò ní lè gbórí sókè ní Ìtòkú mọ́, nítorí kò sí ẹni tí yóò ra aṣọ tí oníkọ́ ife fọwọ́ kàn. Ṣé àṣírí ìyá mi ni mo ń bò ni, tàbí ìkà ni mo ń ṣe sí ọmọ ọlọ́mọ?

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì:

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú ìyá. Ibi tí wọ́n ti ń pín oògùn ikọ́ ife ni mo ti lo apá tó gùn jù nínú iṣẹ́ mi, ìbéèrè rẹ sì ti bá mi délé lọ́pọ̀ ìgbà. Ìbéèrè méjì lo so pọ̀ mọ́ra wọn. Jẹ́ kí n tú wọn.

Kọ́kọ́ mọ ẹni tó wà nínú ewu. Afẹ́fẹ́ ni ikọ́ ife ń bá rìn. Bí ẹni tó ní in nínú ẹ̀dọ̀fóró bá ń wúkọ́ nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, kòkòrò náà yóò wà nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ẹni tó bá sì ń mí in símú fún ọ̀pọ̀ wákàtí, lọ́pọ̀ ọjọ́, lè kó o. Kì í ti ara ṣíbí, abọ́, aṣọ tàbí ìbọwọ́ ranni. Nítorí náà, oníbàárà tó dúró na owó aṣọ ní ìta gbangba ní Ìtòkú kọ́ ni ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó sùn sínú yàrá yẹn ni. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni àrùn yìí ń tètè gbé ṣubú, nígbà mìíràn a sì máa wọ inú ọpọlọ wọn. Abẹ́rẹ́ BCG tí wọ́n ń fún ọmọ tuntun ń dín ewu yẹn kù, kò mú un kúrò pátápátá. Kí wọ́n lọ yẹ àwọn ọmọ méjèèjì wò. Bí wọn kò bá ní in, oògùn ìdènà wà tí wọ́n máa ń fún irú ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀. Èyí kò ṣeé sún di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Èkejì ni ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Òfin Ìlera orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014, ní abala 26, sọ pé àṣírí ni ohun gbogbo tó bá jẹ mọ́ àìlera ènìyàn àti ìtọ́jú rẹ̀, àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá fọwọ́ sí i, tàbí tí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ, tàbí tí àìsọ rẹ̀ bá lè kó ìlera ará ìlú sínú ewu ńlá. Àwa òṣìṣẹ́ ìlera ni òfin náà dì lọ́wọ́; kò dé ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ, ó kàn ṣe mí bíi pé ì bá dé ibẹ̀. Ní tèmi, ẹni tó mí afẹ́fẹ́ yàrá náà ló yẹ kó gbọ́. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀ lè máa fẹ́. O lè bẹ àwọn tó ń fún yín lóògùn kí wọ́n wá bá ìyá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀, iṣẹ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá, bí òṣìṣẹ́ ìlera bá ti kan ilẹ̀kùn, gbogbo ilé ti gbọ́. Ó sàn kí ó gbọ́ lẹ́nu yín.

Ní ti ẹni tó pè láti Ṣàgámù, òótọ́ ni pé a máa ń yẹ gbogbo ẹni tó ní ikọ́ ife wò fún kòkòrò HIV, nítorí àwọn méjèèjì máa ń rìn pọ̀ nígbà mìíràn. Má sọ èsì yẹn fún un, ì báà jẹ́ èyí tí yóò pa á lẹ́nu mọ́, nítorí bí o bá ti dá a lóhùn, o ti gbà pé ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè.

Mo fẹ́ gbàgbé: ìtọ̀ ìyá rẹ yóò pọ́n bí omi ọsàn. Rifampicin tó wà nínú oògùn náà ló ń ṣe é, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, mo sì ti rí ẹni tó sá nídìí oògùn torí pé ó ní wọ́n ti ṣe òun. Oṣù mẹ́fà gbáko ni, oríṣi oògùn mẹ́rin fún oṣù méjì àkọ́kọ́, oríṣi méjì fún oṣù mẹ́rin tó kù. Ara wọn yóò ti yá kí oṣù kejì tó pé, ìgbà yẹn gan-an ni kí o ṣọ́ wọn, nítorí ikọ́ tí a bá fi oògùn sílẹ̀ lágbedeméjì fún lè padà wá ní irú èyí tí oògùn yẹn kò ní ràn mọ́.

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn:

Mo bọ̀wọ̀ fún nọ́ọ̀sì wa, ṣùgbọ́n mo rò pé ìpamọ́ yìí náà wà lára ohun tó ń pa wá. Àwọn baba wa kì í fẹ́ pe Ṣọ̀pọ̀nná lórúkọ. Ilẹ̀ gbígbóná ni wọ́n ń pè é, tàbí Olóde, bí ó bá sì mú ènìyàn lọ, wọn kì í jẹ́ kí ẹbí sunkún, ọpẹ́ ni wọ́n ní kí wọ́n máa dú. Nígbà tí àjọ WHO kéde ní ọdún 1980 pé àrùn náà ti parí láyé, ohun tó parí rẹ̀ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára àti àwọn tó ń wọ ilé dé ilé tí wọ́n ń béèrè ẹni tó ní in. Ilé tó bá fi aláìsàn rẹ̀ pamọ́ ni àrùn máa ń bá sá sí.

Ẹ sì rántí oṣù kẹjọ ọdún 1997. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, jókòó níwájú àwọn oníròyìn, ó ní àrùn AIDS ló pa àbúrò òun, Fẹlá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú, àwọn mìíràn ní irọ́ ni. Èmi ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Mọ́kọ́lá nígbà náà, ọjọ́ yẹn sì ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tí ọ̀gá mi pe orúkọ àrùn náà láì rẹ ohùn sílẹ̀. Kí ìyá yín dìde ní Ìtòkú kí wọ́n sọ ọ́, àwọn mìíràn tó ń wúkọ́ nínú ìsọ̀ wọn yóò lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ẹni tó ti ṣe é rí, Òṣogbo:

Bàbá Ìbejì, Fẹlá ti kú nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá tí à ń sọ̀rọ̀ wọn yìí ṣì fẹ́ tajà lọ́la.

Olùkọ́ ni mí. Nígbà tí ikọ́ ife mú mi, ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń gbé, èmi fúnra mi ni mo sì kó gbogbo ilé jọ tí mo sọ fún wọn, bí ẹ ṣe ní kí ènìyàn ṣe. Kò sí ẹni tó bú mi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kàn fi kùtẹ́ẹ̀sì pupa kun ìdí abọ́ mi, ìdí ife mi àti ọrùn ṣíbí mi, kí wọ́n má baà dà á pọ̀ mọ́ ti àwọn yòókù. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bu oúnjẹ tó dára fún mi sínú abọ́ yẹn, ẹran rẹ̀ a tilẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn ọmọ lọ. Fèrèsé yàrá tí èmi àti ọmọkùnrin wọn àgbà jọ ń sùn, tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, kò sẹ́ni tó ṣí i. Mo lo oògùn pé, àyẹ̀wò ìkẹyìn fi hàn pé kò sí kòkòrò kankan mọ́. Ní ọdún Iléyá tó tẹ̀ lé e, mo lọ kí wọn, wọ́n gbé ẹran wá, mo jẹ ẹ́ tán, mo gbé abọ́ náà sókè láti wo ìdí rẹ̀. Pupa náà ṣì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ sọ ọ́ fún ìyá àwọn ọmọ yẹn, sọ bí àrùn náà ṣe ń rìn kí o tó sọ orúkọ rẹ̀. Bí orúkọ bá ti ṣáájú, etí rẹ̀ lè dí sí ìyókù.

Ọmọ Aláàdìrẹ, Abẹ́òkúta:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ó di ọjọ́ kẹjọ lónìí tí mo ti béèrè, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹ gbọ́ ibi tí a bá a dé.

Mo ka ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì sí ìyá wa létí. N kò ka ti Ṣọ̀pọ̀nná. Wọ́n dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ti sùn lórí èyí." Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ránṣẹ́ pe obìnrin náà, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n sì ti bá a sọ̀rọ̀, wọ́n fi ìborùn bo ẹnu. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé e ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà kò pariwo. Ó kàn yíjú sí mi, ó ní, "Láti ọjọ́ wo lo ti mọ̀?" Nígbà tí mo sọ ọ́, ó wọlé, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Àìsàn náà kò bí i nínú tó irọ́ mi, n kò sì rí àwíjàre kankan.

A ti mú àwọn ọmọ lọ. Wọ́n ní ikọ́ náà kò tíì mú èyíkéyìí nínú wọn, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ oògùn ìdènà fún èyí kékeré. Àbúrò ìyá wa fẹ́ pa fọ́tò rẹ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù, orí fóònù tiwọn nìkan ni WhatsApp gbà kí wọ́n ti pa á rẹ́. Wọ́n sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ̀nù kò tíì dáríjì wá, bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n wà, òfin ló ní kí dókítà fi irú àìsàn yìí tó ìjọba létí.

Ní ti Ìtòkú, ìyá wa ní oṣù méjì àkọ́kọ́ ni kí ó kọjá ná kí àwọn tó pinnu. A ti ṣí fèrèsé, a fi àwọ̀n ẹ̀fọn bò ó. Bí obìnrin náà bá ti ń bọ̀ láti iṣẹ́ alẹ́ ní ìdájí, yóò dúró síbẹ̀, yóò ké pé, "Màmá, ẹ ti lò ó?" ìyá wa yóò dá a lóhùn pé àwọn ti lò ó, àwọn méjèèjì yóò sì ti jí gbogbo ilé. Ọkùnrin tó wà ní yàrá kẹfà bi mí láàárọ̀ àná pé kí ni Màmá ń lò. Mo ní kó lọ bi wọ́n.