Ẹ là mí lọ́yẹ̀ lórí sáìtì àwa olólùfẹ́ géèmù ní Àkúrẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń ṣe sáìtì fún àwa tí a ń gbá géèmù bọ́ọ̀lù ní Àkúrẹ́, èyí tí a mọ̀ sí FIFA kó tó di EA Sports FC ní 2023. Èsì ìdíje àti fídíò góòlù ló wà níbẹ̀. Fóònù ni ọ̀pọ̀ wa fi ń wò ó, dátà sì wọ́n. Fídíò kan ṣoṣo, ojú ìwé á dúró gbagidi, funfun báláú, kí orúkọ ẹni tó gbá a wọlé tó jáde. Mo ti sọ àwọn àwòrán di WebP, irú fáìlì àwòrán kan tí kì í wúwo, wọ́n sì fúyẹ́ sí i. Ṣé kí n kó fídíò lọ sórí YouTube ni, àbí ọ̀nà wà tí kò fi ní ṣí àfi téèyàn bá tẹ̀ ẹ́? Tọkàntọkàn làwọn ọmọ yìí fi ń gbá a, mi ò fẹ́ kó sú wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, kí ni kí n ṣe?