Àyà tó ń fún èèyàn pinpin: kí la máa sọ fún ará ilé kí wọ́n má dúró dọ̀sán?

Ìyá Oníkẹ́míìsì, Ìjerò

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè mi gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ni mo ní ní Ìjerò, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìdó. Ẹni tí àyà bá ń dùn ládùúgbò wa, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ ń yà sí, kì í ṣe ọsibítù. Bí wọ́n bá sì dé, wọn kì í sọ pé àyà ló ń dun àwọn. "Gáàsì ló dì sí mi láyà." "Úlsà mi tún ti dìde." "Iyán àná ni kò dà." Wọ́n á ní kí n fún àwọn ní Andrews, kí n fi oògùn gáàsì kún un, oko ń dúró de àwọn. Òótọ́ ni pé gáàsì náà ló ń ṣe púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ó ní èyí tí mo máa wò tí ọkàn mi ò ní balẹ̀.

Bàbá kan tó ń ta pákó wá bá mi ní ìdájí, nígbà ọyẹ́. Ó di ìkúùkù, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ agbedeméjì àyà, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé òun láyà. Òtútù ń mú gbogbo wa, síbẹ̀ òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ti rin gbindin. Àgbọ̀n ń ro ó, apá òsì wúwo. Ó ní kí n fún òun ní oògùn gáàsì. Mo ní, "Bàbá, èyí kì í ṣe gáàsì, ọsibítù ni ẹ ń lọ." Mo gbé àga fún un, mo ránṣẹ́ pe ìyàwó rẹ̀.

Ìyàwó dé, ó ní ká pe ẹ̀gbọ́n wọn. Ẹ̀gbọ́n dé, ó ní a ò lè gbé e lọ ọsibítù láì jẹ́ kí àkọ́bí gbọ́. Àkọ́bí wà ní Èkó, fóònù rẹ̀ ò wọlé. Ẹnì kan nínú ẹbí ní ọfà ayé ni, kí wọ́n lọ pe wòlíì. Wòlíì wá, ó gbàdúrà. Èmi náà ṣe àmín, torí mo gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n àdúrà yẹn ṣe é gbà nínú mọ́tò. Ìgbà tí ẹnu wọn wá kò pé kí wọ́n máa lọ, kò sí ọkọ̀. Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ó yè é, ẹ bá wa dúpẹ́. Ṣùgbọ́n dókítà ní heart attack ni, pé apá kan nínú iṣan ọkàn rẹ̀ ti kú, kò sì ní jí mọ́. Ẹni tó ń dá gbé pákó sórí ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, bó bá rìn láti ilé wọn dé ọ̀dọ̀ mi báyìí, ó máa ní láti jókòó kó tó lè kí mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú lálẹ́.

Láti Ìjerò dé ọsibítù Ìdó ò tó wákàtí kan nínú ọkọ̀. Ẹ wò ó, kì í ṣe ojú ọ̀nà ni àkókò yẹn lọ sí. Inú ilé ni, lórí ta ló máa kọ́kọ́ sọ pé "ó yá".

Àwọn ìyálọ́jà ti ní kí n wá bá àwọn sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé wọn. Pásítọ̀ wa gbà, ìmáàmù àdúgbò náà ní kí n wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Kí ni kí n sọ tó máa jẹ́ kí wọ́n gbéra lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀? Mi ò fẹ́ ka àmì àìsàn sí wọn létí, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, kí kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Wọ́n á sì tún bi mí nípa Alábùkún, torí tọmọdé tàgbà ló mọ̀ pé aspirin wà nínú ẹ̀. Kí ni kí n dáhùn?

Nọ́ọ̀sì Adó

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ̀ka pàjáwìrì ni mo wà, irú bàbá yẹn la sì ń gbà, ọ̀pọ̀ wọn ni kì í dé lásìkò.

Ìkúùkù tí wọ́n tẹ̀ mọ́ àyà yẹn, àwa náà máa ń ṣọ́ ọ. Ẹni tó bá fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ojú ibi tó ń ta á, nǹkan míì ló sábà máa ń jẹ́. Àmọ́ ẹ má fi ṣe òṣùwọ̀n o, torí ti àwọn obìnrin, àwọn àgbàlagbà àti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè wá láìsí ìrora àyà kankan. Èémí á máa já wọn, ara á rẹ̀ wọ́n láìnídìí, wọ́n á máa bì, ẹ̀yìn tàbí òkè ikùn á máa dùn wọ́n, òógùn tútù á bò wọ́n. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni wọ́n ń fún ní oògùn ibà nílé.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú. Ọkàn tó ń fún gbogbo ara lẹ́jẹ̀, òun náà ní òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ wá. Ọ̀rá máa ń lẹ̀ mọ́ ara òpó yẹn díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́jọ́ kan ojú ọ̀rá náà á ya, ẹ̀jẹ̀ á dì síbẹ̀, á dí ọ̀nà pa. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 40, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, á sì máa kú lọ títí ọ̀nà fi máa là. Oògùn wà tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì yẹn. A lè fún èèyàn títí dé wákàtí 12 lẹ́yìn tí ìrora bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó rí i gbà ní wákàtí méjì àkọ́kọ́ ló ń jàǹfààní rẹ̀ jù. Gbogbo ọsibítù kọ́ ló ní in, nítorí náà ẹ ti béèrè sílẹ̀ nísinsìnyí, kí ọjọ́ náà tó dé, ibi tó ní oògùn yìí àti ẹ̀rọ ECG tí wọ́n fi ń wo bí ọkàn ṣe ń lù. ECG yẹn, ìṣẹ́jú 10 tí aláìsàn bá wọlé ló yẹ kí wọ́n ti ṣe é tán.

Ti Alábùkún: aspirin wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, látìgbà tí Jacob Odulate ti ṣe é jáde ní Abẹ́òkúta ní 1918. Ṣùgbọ́n caffeine náà wà nínú ẹ̀, ó sì máa ń mú ọkàn sáré. Kì í ṣe ohun tí à ń lò fún èyí. Aspirin lásán ni, 300 mg, tàbí hóró 75 mg mẹ́rin, kó rún un lẹ́nu kó tó gbé e mì. Ẹni tí aspirin kì í bá lára mu kò gbọdọ̀ lò ó, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń bì ẹ̀jẹ̀ tàbí tó ń yàgbẹ́ dúdú, àti ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọ́ tàbí tí apá rẹ̀ kan rọ, torí ó lè jẹ́ pé àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ẹ má sì jẹ́ kí wíwá aspirin dá ọkọ̀ dúró.

Abẹ́rẹ́ diclofenac tí àwọn kan ń gún fún ẹni tí àyà ń dùn, mo bẹ yín, ẹ bá mi kìlọ̀ fún wọn. Ó lè pa ọkàn lára sí i.

Bí àyà fífún bá ti tó ìṣẹ́jú 10 tí kò lọ, ẹ gbéra. Bó bá le láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí tí òógùn tútù bá tẹ̀ lé e, ẹ má wo aago rárá.

Awakọ̀ Ìfàkì

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú wa. Mọ́tò ni mò ń wà ní páàkì Ìfàkì, ẹ jẹ́ kí n sọ ti awakọ̀.

Tí wọ́n bá wá kan ilẹ̀kùn wa lóru, owó epo kọ́ ló ń jẹ́ ká lọ́ra. Ẹ̀rù ni. Bí ẹni yẹn bá kú sínú ọkọ̀ ńkọ́? Ọlọ́pàá á bi mí léèrè, ẹbí á ní mi ò sáré tó, àwọn èrò á gbọ́, wọn ò ní wọ mọ́tò mi mọ́. Nígbà tí àwọn onílé àdúgbò wa jókòó bá wa sọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Wọ́n ní ẹni méjì nínú ẹbí gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ pẹ̀lú aláìsàn. Wọ́n ní ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ẹgbẹ́ onílé máa dúró lẹ́yìn awakọ̀. Epo sì ń ti inú àpò ẹgbẹ́ jáde lóru yẹn, kí ẹbí wá san án padà tára bá balẹ̀. A kọ nọ́ńbà àwa awakọ̀ tí kì í pa fóònù lóru sí bébà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti kẹ́míìsì. Nọ́ńbà 112 ti ìjọba kì í gba owó, ẹ pè é, àmọ́ kí wọ́n máa múra ọkọ̀ lọ lọ́wọ́ kan náà.

Ẹ tún bá mi sọ ọ̀rọ̀ ìwẹ̀ fún wọn. Mo dé ilé kan rí, ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ níta, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé omi kaná pé kí màmá wẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ, kí wọ́n má bàa gbé wọn lọ síwájú dókítà bẹ́ẹ̀ yẹn. Màmá yẹn ò lè mí dáadáa! Wọ́n tún fẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn. Ẹ gbé wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó, kí wọ́n fẹ̀yìn ti nǹkan, ẹ tú ìgbànú àti kọ́là. Ẹ má gbé wọn sáàárín èèyàn méjì lórí ọ̀kadà.

Bàbá Ìkọ̀lé

Ẹ̀yin ọmọ mi, gbogbo ohun tí ẹ sọ ló dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Tí mo bá sáré lọ, tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò, tí wọ́n ní gáàsì ni, ta ló máa dá owó mi padà? Ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí àgbàlagbà ní ká dúró di àárọ̀. Kì í ṣe pé a ò fẹ́ wà láàyè.

Ìyá Oníkẹ́míìsì, Ìjerò

Bàbá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́ síta, torí ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wọn nìyẹn. Èmi ni mò ń ta oògùn fún bàbá onípákó. Oògùn tó ń fa omi jáde lára, ti ẹ̀jẹ̀ ríru, aspirin, ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, lóṣooṣù, kò sì lè ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ láti fi rí owó rẹ̀. Ìyàwó ti ta ẹ̀rọ ìlapákó. Bí wọ́n bá ní gáàsì ni lọ́jọ́ yẹn, ká ní wọ́n tètè lọ, owó àyẹ̀wò nìkan ni wọn ì bá san. Ohun tí mo máa sọ fún àwọn ìyálọ́jà nìyẹn, màá sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ya nǹkan sọ́tọ̀ nínú èésú fún irú òru bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ọ̀yẹ́

Ẹ kúuṣẹ́ mà. Ẹ̀kọ́ ìlera ni mo kà, ó sì dùn mọ́ mi pé ẹ ní ẹ ò fẹ́ ka àmì àìsàn nìkan. Wọ́n ti dán ìyẹn wò ní Amẹ́ríkà. Ìdánwò náà ń jẹ́ REACT, èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2000. Ìlú 20 ni wọ́n mú. Wọ́n kọ́ àwọn ará ìlú 10 fún oṣù 18 nípa heart attack, lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, nínú ìwé ìròyìn, níbi ìpàdé àdúgbò, lọ́dọ̀ àwọn dókítà. Wọn ò ṣe irú rẹ̀ ní ìlú 10 yòókù. Nígbà tí wọ́n ṣírò ẹ̀ tán, bí àwọn èèyàn ṣe ń pẹ́ kí wọ́n tó dé ọsibítù ò yàtọ̀ láàárín méjèèjì. Ohun tó yàtọ̀ ni pé àwọn tó ń pe ọkọ̀ pàjáwìrì pọ̀ sí i ní ìlú tí wọ́n ti kọ́ wọn.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé èèyàn lè mọ àmì tán, kó ṣì jókòó máa dúró de ẹni tó máa pàṣẹ. Nínú ìtàn bàbá onípákó, ẹ̀yin ti mọ̀ láti ìdájí, ẹ sì ti sọ ọ́. Àṣẹ ni kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ilé kọ̀ọ̀kan pinnu kí wọ́n tó kúrò níbi ìpàdé: bí kò bá sí bàbá, tí àkọ́bí ò gbé fóònù, ta ló lè ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ jáde, tí ẹnikẹ́ni ò ní bá a jà lẹ́yìn náà? Kí wọ́n dárúkọ onítọ̀hún sókè lójú gbogbo èèyàn. Kí wọ́n sì pe àkọ́bí láti inú ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é bí eré náà. Kí ẹnì kan di ìkúùkù mọ́ àyà, kí ẹnì kan ní gáàsì ni, kí ẹnì kan ní ká pe wòlíì, kí ẹnì kan máa wá omi ìwẹ̀. Kí ìyàwó ilé dìde láàárín wọn, kó sọ ọ́ jáde lẹ́nu ara rẹ̀ pé "A ń lọ báyìí." Ẹni tó bá ti sọ ọ́ rí níwájú ẹgbẹ́, ẹnu rẹ̀ ò ní wúwo lóru.

Ìyá Oníkẹ́míìsì, Ìjerò

Ọmọ mi, o ṣeun, Ọlọ́run á bù kún ọ. Ìyàwó bàbá onípákó ti gbà pé òun máa ṣe ìyàwó ilé nínú eré yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n jẹ́ kí òun ṣe é. Wòlíì náà ti ní òun máa wá, òun á sọ fún wọn pé òun lè wọ mọ́tò tẹ̀ lé wọn, kí òun máa gbàdúrà lọ lójú ọ̀nà.

Awakọ̀ Ìfàkì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ya fọ́tò bébà yẹn, kí n mọ bí ẹ ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi nǹkan bo àwọn nọ́ńbà náà.

Nọ́ọ̀sì, ó ku ẹyọ kan. Ìdajì àwọn ìyálọ́jà ló ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé wọ́n lè rún aspirin náà?

Nọ́ọ̀sì Adó

Bẹ́ẹ̀ ni mà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò ní kí wọ́n má rún un, bí kò bá ti sí àwọn ohun tí mo kà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, ni kó má fọwọ́ kàn án títí dókítà á fi rí i. Kí gbogbo wọn kó páálí oògùn tí wọ́n ń lò sínú ọ̀rá kan, kí wọ́n gbé e kọ́ síbi tí ọmọ ilé ti lè yọ ọ́ lóru, kí wọ́n sì mú un dání wá. Ẹ bá wa kọ àkókò tí ìrora bẹ̀rẹ̀ sí ara páálí náà. Ohun tí a kọ́kọ́ máa béèrè nìyẹn.