Kí ló ń mú mi sanra jù: ọkà alẹ́, abẹ́rẹ́, àbí ìdílé?

Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 38 ni mí. Mo ga ní mítà 1.60, mo wọn kílò 84, téèpù sì yí ikùn mi ká ní sẹ̀ǹtímítà 101. Kílò 76 ni mí kí n tó bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta ti ìfètòsọ́mọbíbí ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Ìyá ọkọ mi ní ọkà alẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní ìran wa ló ń tóbi. Ní àdúgbò Tákíé, orí ìjókòó ni mo ti ń tajà títí di alẹ́. Èwo ni kí n kọ́kọ́ mú?

Nọ́ọ̀sì Àjọkẹ́: Ẹ ṣeun tí ẹ wọ̀n ọ́n. 1.60 lọ́nà 1.60 jẹ́ 2.56; ẹ fi pín 84, ó di 32.8. Ìṣirò yìí, tí wọ́n ń pè ní BMI, ń fi ìwọ̀n ara wé gíga; láti 30 sókè ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń pè ní ìsanrajù. Ikùn obìnrin tó bá sì ju sẹ̀ǹtímítà 88 lọ ń fa ewu àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Abẹ́rẹ́ yẹn máa ń mú kí àwọn kan sanra, kì í ṣe gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ bá fi ohun tó ju 5% lọ pọ̀ sí i láàárín oṣù 6 àkọ́kọ́ tó ń gba abẹ́rẹ́ náà, ó sábà máa ń pọ̀ sí i ni. 5% ti 76 jẹ́ kílò 3.8, kílò 8 ni tiyín. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Onímọ̀ oúnjẹ: N kò fara mọ́ ọn tán. Èlùbọ́ gbígbẹ 100 giramu ní nǹkan bí 350 kálórì. Ṣíbí ìjẹun mẹ́rin òróró ní 480! Ọkà ni gbogbo ayé ń bú, ọbẹ̀ ló ń ṣe é. Ẹ fi ṣíbí wọn epo, ẹ má dà á láti inú kèègì. Ẹlẹ́rìndòdò ìgò 50 sẹ̀ǹtílítà kan lè ní ṣúgà tó tó 50 giramu, ìyẹn 200 kálórì, kò sì ní yó yín. Ẹ gbá ìgbakọ kan kúrò nínú ọkà, kí ewédú àti gbẹ̀gìrì pọ̀ sí i.

Apòògùn kan: Kò sẹ́ni tó bèèrè oògùn mìíràn. Oògùn oríkèé tí wọ́n ń tà nínú ọ̀rá láìsí orúkọ lè ní prednisolone tàbí dexamethasone, oògùn alágbára tó ń mú wíwú rọlẹ̀. Ebi yóò máa pa yín, ojú àti ikùn yóò wú. Bí ẹ bá ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má dá a dúró lójijì. Dókítà ni yóò máa dín in kù.

Alákọ̀wé Òkè: Ẹ̀gbọ́n wọn kò purọ́. Ìdílé máa ń mú kí ebi tètè pa àwọn kan, kí wọ́n má tètè yó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pe ẹni tó sanra ní ọ̀lẹ. Bí òtútù bá ń mú yín ju ẹlòmíràn lọ, tí ìgbẹ́ ń le, tí nǹkan oṣù dàrú, kí wọ́n yẹ tairọ́ọ̀dù yín wò, ìyẹn ẹ̀yà ara inú ọrùn tó ń pèsè họ́mónù.

Ìyá Ìbejì: Mo dúpẹ́ púpọ̀. N kì í lo oògùn oríkèé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni abẹ́rẹ́ mi kàn. Ṣé kí n fò ó?

Nọ́ọ̀sì Àjọkẹ́: Rárá o, oyún lè wọlé. Ẹ mú káàdì yín lọ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, kí ẹ bèèrè èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ tí kò ní họ́mónù, olókọ́pà. Ó lè mú kí nǹkan oṣù pọ̀ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ sọ fún wọn bí ẹ̀jẹ̀ yín kì í bá tó.